Yìnyín Kan fún Ahá Ẹmu

Ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ yá mi ní etí yín. Láti ìgbà tí oòrùn ti yẹ àtàrí ni mo ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà àwa ọdẹ yìí tí mo ń gbọ́ àríyànjiyàn yín. Ọ̀kan ní bíà tí ara ìgò rẹ̀ kò bá máa làágùn, kí wọ́n dà á fún ewúrẹ́. Èkejì ní yìnyín ń pa adùn ọtí, kí wọ́n fún òun ní èyí tó wà nílẹ̀ lásán, kí òun lè mọ ohun tí òun ń mu. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú yín, ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ní òun kò ní bá ẹnì kejì jókòó mọ́ láéláé nítorí ìgò kan, inú mi bàjẹ́, mo sì rántí bàbá mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, n kò sì tíì run pákò. Èmi ni ejò ń rí tó ń yà fún lọ́nà bí ìyàwó tuntun ti ń yà fún ìyá ọkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ bi àwọn àgbà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kó gbogbo ìṣe akin tí mo ti ṣe láyé jọ, kò tó èyí tí bàbá mi ṣe lọ́jọ́ tó gbé ahá ẹmu kan sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ahá náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọdẹ́jìnmí lorúkọ bàbá mi, ọdẹ ni ní ìlú Ìdí-Ọ̀pẹ. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní láti kékeré ni Ayélàágbé, ẹni tó ń dá ẹmu. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọmọdé, òjò ká wọn mọ́ ìdí ọ̀pẹ lọ́jọ́ kan, yìnyín sì ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ó ń ró pà-pà-pà lórí imọ̀. Wọ́n ṣa yìnyín náà sínú ẹmu, wọ́n mu ún. Ayélàágbé mu tirẹ̀ tán, ó dijú, ó ní òun kò mọ̀ pé ayé dùn tó báyìí. Láti ọjọ́ náà ni ẹmu gbígbóná ti di ẹ̀gbin lẹ́nu rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní tirẹ̀ fi eyín fọ́ yìnyín, eyín kan sì là nísàlẹ̀, ní apá òsì. Bí ohun tútù bá ti kan eyín yìí, ìrora á gba àgbọ̀n rẹ̀ lọ sí àtàrí, omi á sì máa dà lójú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń wí káàkiri ni pé, "Èyí tí a gbé sí oòrùn, tó ń hó wìì, òun ni ẹmu. Òkú ẹmu ni èyí tó tutù."

Báyìí ni wọ́n ṣe dàgbà, agbè ọ̀kan á wà nínú oòrùn, agbè èkejì á wà nínú iyanrìn etí odò, wọ́n á jókòó sí àárín, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó gbé ẹmu fún àlejò ni í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú rẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ọdẹ́jìnmí ń ṣílé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti lọ ri agbè ẹmu kan mọ́ iyanrìn odò nítorí Ayélàágbé nìkan. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Nígbà tí agbo kún, ó bu ẹmu náà sínú ahá, ó gbé e sẹ́nu láti tọ́ ọ wò. Òtútù rẹ̀ kan ètè rẹ̀, eyín ìsàlẹ̀ sì rántí. Ọdẹ́jìnmí sọ ahá kalẹ̀ láìtọ́ ọ wò, ó sì nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan wúkọ́. Ayélàágbé wo ahá náà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan. Bí bàbá mi bá sọ pé, "Eyín ń dùn mí," ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n báwo ni ọdẹ tó dojú kọ ẹkùn yóò ṣe sọ láwùjọ pé omi tútù ń lu òun? Ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ayélàágbé gbé ahá kalẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé. Ọdún méje ni wọn kò fi kí ara wọn.

Ní ọdún keje, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Odò gbẹ, iyanrìn rẹ̀ gbóná bí èyí tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fọ́yèkẹ́, ìyàwó Ayélàágbé, wọlé tọ bàbá mi wá, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má wo ti ọjọ́ tó ti kọjá. Ọ̀rẹ́ yín ń lọ. Ibà ni. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. A bu omi fún un, ó ní iná ni. A bu ẹmu fún un, ó ní iná ni. Láti àárọ̀ ló ti ń pe yìnyín. Ó ní bí yìnyín ọjọ́ ìdí ọ̀pẹ bá lè kan ètè òun, òun á mu."

Ọdẹ́jìnmí bi í pé, "Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Kò dárúkọ yín. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ jọ wà ní ìdí ọ̀pẹ lọ́jọ́ náà?"

Bàbá mi dìde. Ó mú ìbọn, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó bu iṣu sísun díẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì jáde nílé. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ àtijọ́ pé òkè kan ń bẹ lẹ́yìn igbó méje tí yìnyín ti ń wá kí ó tó gba ojú ọ̀run bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ti ìwin. Ẹ̀rù pé Ayélàágbé yóò kú pẹ̀lú èrò pé ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, èyí ni kò jẹ́ kó jókòó.

N kò ní ro bó ṣe rìn fún yín. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tó pàdé.

Nínú Igbó Àríyànjiyàn, ohun kan dìde lójú ọ̀nà, ó ga ju àràbà lọ. Ojú mẹ́fà ló ní, ẹnu méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì. Èéfín ń jáde lẹ́nu ọ̀tún, kùrukùru òwúrọ̀ sì ń jáde lẹ́nu òsì. Igbá ọtí kan tó fẹ̀ bí àgbàlá wà níwájú rẹ̀, ewédò ti hù lójú ọtí náà. Irun orí bàbá mi dìde, ó sì di fìlà rẹ̀ mú kó má bàa já bọ́.

Ẹnu ọ̀tún ké sí i pé, "Ọmọ ènìyàn, dá wa lẹ́jọ́. Mo ní kí a gbé ọtí yìí kaná kí a tó mu ún."

Ẹnu òsì ní, "Mo ní kí a rì í mọ́ ibú. Ẹni tó bá dá ẹjọ́ yìí dáadáa ni yóò kọjá. Ẹni tó bá ṣì í dá, àwa méjèèjì á jọ jẹ ẹ́, nítorí lórí ẹran nìkan ni ohùn wa ti ṣọ̀kan."

Ọdẹ́jìnmí kò ronú. Ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà èwe, ó ní, "Gbígbóná ló tọ̀nà." Kó tó pa ẹnu dé, ẹnu òsì ti gbá a mú lẹ́sẹ̀, òtútù sì gba egungun rẹ̀ títí dé eyín tí ẹ mọ̀ yẹn. Ó figbe ta. Nínú ìrora yẹn ló gbọ́ ohùn kékeré kan tó ń sunkún láti ìsàlẹ̀. Inú ni ó ti ń wá, láti inú ìwin náà gan-an. Ó wá bi í pé, "Ikùn, ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sí i?"

Ikùn dáhùn pé, "Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún rèé tí àwọn méjèèjì ti ń jiyàn. Ẹ̀kán kan ṣoṣo kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Òùngbẹ ń pa mí kú lọ."

Ẹnu méjèèjì wo ara wọn bí ẹni tí kò rí ẹnì kejì rẹ̀ rí. Ẹnu òsì tú ẹsẹ̀ bàbá mi sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó fi ń kọjá, ó gbọ́ tí wọ́n ń mu ọtí náà lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe wà, pẹ̀lú ewédò lójú rẹ̀, ikùn sì ń dúpẹ́. Ọdẹ́jìnmí rìn jìnnà kó tó lè gbé ojú sókè. Ọdún méje tirẹ̀ ló ń rò.

Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Ìlú Agbóná. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ kí ọtí yín tutù, ìlú yín rèé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, gbogbo ilé ló ní ìkòkò ọtí lórí ààrò. Sẹ̀kẹ̀tẹ́ ń rú èéfín, àgàdàgídí ń rú èéfín, ẹmu ń hó bí ọbẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún bàbá mi, wọ́n bu sẹ̀kẹ̀tẹ́ fún un. Ó gbé e mì, ó gba ọ̀fun rẹ̀ lọ bí òróró, eyín rẹ̀ sì sinmi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀: inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó mu igbá kejì. Lẹ́yìn èyí, ó wá kù díẹ̀ kí ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó mọ̀ pé òun ń wá nǹkan fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni náà ń yọ̀ bọ́rọ́.

Ọba ìlú náà fúnra rẹ̀ gbé igbá kẹta wá. Ó ní, "Bí o bá mu èyí, o ti di tiwa. O kò ní rí ohun tútù mọ́ láyé."

Ọwọ́ bàbá mi ti ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ilé kì í kúrò lára ẹni. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún mi."

Ọba rẹ́rìn-ín. "A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Kálukú ló ń mu tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tọ́ ọtí wò fún ẹnì kejì."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́jìnmí láyà. Ó wò yíká, ó sì rí ohun tí kò rí nígbà tó wọlé: gbogbo ará ìlú náà ló kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, kálukú dojú kọ ààrò tirẹ̀. Orúkọ Ayélàágbé padà wá sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé igbá kalẹ̀ láìmu, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sá jáde. Ìyẹn nìkan ni ìgbà tí ọdẹ kankan nínú ìdílé wa sá fún ọtí ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, afẹ́fẹ́ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó gbójú sókè, ó rí Òkè Ọyẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kò tó ó sọ. Òkè náà funfun láti ìdí dé orí. Àwọn igi tó wà lára rẹ̀ kò ní ewé, yìnyín ni wọ́n so bí ọsàn, oòrùn sì ń gba inú yìnyín kọjá tí àwọ̀ òṣùmàrè fi ń ṣubú sórí ilẹ̀. Kò sí ariwo ẹyẹ, kò sí ariwo kòkòrò. Bàbá mi, ẹni tí kò ṣí fìlà fún ọba, ṣí fìlà. Orúnkún rẹ̀ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ pé níbẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé òun kéré, àti pé mímọ̀ náà dùn mọ́ òun.

Obìnrin arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi tó tóbi jù, irun rẹ̀ funfun dé ilẹ̀. Ìyá Ọlọ́yẹ́ ni. Ó ní, "Eyín ń dùn ọ́."

Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Síbẹ̀ o wá síbi tí òtútù ti ń wá. Nítorí ta ni?"

"Nítorí ọ̀rẹ́ mi, Ìyá. Ó fẹ́ràn ohun tí n kò fẹ́ràn."

Arúgbó náà mi orí. Ó ní, "Ẹrù kan wà tó ń fúyẹ́ lórí ẹni tó rù ú, tí ọkàn ẹni náà sì ń wúwo sí i. Kí ni?"

Bàbá mi ronú, ronú. Ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, n kò mọ̀ ọ́n."

"Ojú ọ̀nà ni yóò fi hàn ọ́." Ó já yìnyín kan tó tó orí àgbò, ó fi òwú wé e, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wé e lẹ́ẹ̀meje, ó gbé e rù ú. "Yàgò fún oòrùn bí o bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n yàgò fún ìbínú ju oòrùn lọ. Òun ló ń yọ́ yìnyín kíákíá."

Bàbá mi dúpẹ́, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Bí ènìyàn bá ń dá rìn, ẹ mọ bí ọkàn ti rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ nínú ara rẹ̀. Ó ní, ṣebí èmi ni mo jí lọ ri agbè mọ́ odò nítorí rẹ̀? Ta ló dìde kúrò nílé ta níṣojú gbogbo ayé? Ọdún méje, kò lè rán ènìyàn wá bi mí? Bó ti ń sọ ọ́ ni omi ń kán sí i lọ́rùn, tó ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn. Ó sọ ẹrù, ó wò ó. Yìnyín tó tó orí àgbò ti di bí ẹyin tòlótòló.

Ìgbà náà ló mọ ìtumọ̀ àlọ́ arúgbó: yìnyín tí ènìyàn fi ìbínú rù ni. Ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sunkún. Nígbà tó dìde, ó fi ẹjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bí Ayélàágbé ti kó ogún agbè ẹmu wá nígbà tí ìyá òun Ọdẹ́jìnmí kú, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ẹni tó kó o wá. Ó ń rántí ẹ̀rín rẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Omi kò kán mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ni oòrùn, ó gba tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sán gan-an ni bàbá mi wọ ìlú. Ayélàágbé wà lórí ẹní lábẹ́ ìbòòji ilé rẹ̀, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Àwọn ará àdúgbò ti pé síbẹ̀, àwọn kan náà tó wà nínú agbo ọjọ́ ìṣílé, títí kan ìyá àgbàlagbà tó wúkọ́. Ọdẹ́jìnmí tú ewé, ó tú òwú. Ohun tó kù kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ẹnì kan kẹ́dùn. Fọ́yèkẹ́ ní, "Kì í tán nígbá osùn, ká má rí fi pa ọmọ lára." Ó gbé ahá ẹmu wá. Bàbá mi ju yìnyín sínú rẹ̀, ó ró kó lára ahá, Ayélàágbé sì la ojú.

Ó wo ahá. Ó wo ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó ń dúró dè.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ayélàágbé, eyín mi ni. Eyín ìsàlẹ̀, lápá òsì. Yìnyín ọjọ́ ìdí ọ̀pẹ ló là á. Ohun tútù ń pa mí lẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Ojú ló tì mí lọ́jọ́ ìṣílé, kò sí nǹkan mìíràn nínú ẹmu yẹn."

Ó gbé ahá sẹ́nu, ó mu. Kò mu ún bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Ó gbé e mì dáadáa, lápá òsì, níṣojú gbogbo wọn. Ìrora gba àgbọ̀n rẹ̀ lọ sí àtàrí, omijé dà lójú ọdẹ ẹkùn. Kò nu ún. Lẹ́yìn náà ló gbé ahá sí ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọdún méje," Ayélàágbé sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Nítorí eyín."

"Nítorí eyín."

Ayélàágbé mu. Gbogbo agbo ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó dijú bó ti dijú lọ́jọ́ èwe. Fọ́yèkẹ́ fi aṣọ bo ojú. Nígbà tó mu ún dé ìdajì, ó dáwọ́ dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí ibà ń jó gbá ahá náà mú, ó gbé e lé àyà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó mú un bẹ́ẹ̀ títí yìnyín fi tán nínú rẹ̀, títí òtútù fi kúrò lára ahá. Ó wá gbé ẹmu náà sẹ́nu, ẹmu tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, irú èyí tó ń pè ní ẹ̀gbin, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó fún ojú pọ̀, ó sì nà án sí bàbá mi.

Ó ní, "Mo ti mú un gbóná. Tìẹ rèé."

Bàbá mi ní òun ti mu ọtí Ìlú Agbóná, ṣùgbọ́n òun kò tíì mu ohun tó dùn tó ahá yẹn rí. Ayélàágbé rí òjò ọdún náà, ó sì tún gun ọ̀pẹ. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí agbè méjì nílé wa títí dòní, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan nínú omi.

Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ń jà, ẹ gbé ìgò yín wá. Kí ẹni tó fẹ́ràn gbígbóná tọ́ èyí tó tutù wò fún ẹnì kejì rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ràn tútù tọ́ èyí tó wà nílẹ̀ wò fún tirẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ fún èmi náà, kó má tutù jù. Eyín ń dùn èmi náà, mo tètè sọ ọ́ kí ìjà má bàa dé.